Afárá Pákó Lọ́nà Ayépé

Bàtà ni Moṣọpẹ́ kọ́kọ́ rí. Bàtà aláwọ dúdú ni, wọ́n tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn sẹ́nu ọ̀nà ilé mọ́tò bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí. Ó gbójú sókè, ó sì rí ẹni tó ni ín. Ọkùnrin náà jókòó sínú Dátsùn, mọ́tò bàbá Moṣọpẹ́, kì í ṣe nídìí sítíárì bíi ti gbogbo àwọn tó ti ń wá rà á, bí kò ṣe ní ìjókòó ọ̀tún. Ó di ojú, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ gba ihò páànù wọlé, ó ń rìn lórí irun tó ti ń funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀.

Ẹlòmíràn ì bá ké. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ Moṣọpẹ́. Láti àárọ̀ ló ti ń bá ọmọ ọlọ́mọ fa ọ̀rọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Òdógbolú, kò sì sí agbára tó kù lára rẹ̀ tó lè fi bẹ̀rù olè.

"Ṣé olè ni yín ni, àbí oníbàárà?"

Ọkùnrin náà la ojú. Kò ta gìrì. "Oníbàárà ni mí, mà. Olè kì í bọ́ bàtà."

"Olè tó bá gbọ́n á bọ́ bàtà, kí wọ́n má baà gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀."

"Ó dáa. Ẹ yẹ àpò mi wò. Bí ẹ bá bá táyà níbẹ̀, ẹ ké sí ọlọ́pàá."

Ẹ̀rín fẹ́ yọ lẹ́nu Moṣọpẹ́, àárẹ̀ dá a dúró lágbedeméjì ọ̀nà. Ó bi í léèrè ìdí tó fi jókòó síbi tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí. Ọkùnrin náà ní gbogbo èèyàn ló mọ ohun tí awakọ̀ ń rí. Òun fẹ́ mọ ohun tí ẹni tó ń ka ọ̀nà rí.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe pàdé Mukhtar Gbàdàmọ́sí, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ọkùnrin ẹni ogójì ọdún ó lé díẹ̀, tó ń wá mọ́tò àtijọ́ kiri, tó ń tún un ṣe, tó sì ń tà á. Ìyàwó tó fẹ́ nígbà kan ti ré kọjá òkun, ó sì ti fi ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ránṣẹ́ láti ọ̀hún.

Dátsùn tí à ń wí yìí kì í ṣe mọ́tò fáàrí. Mọ́tò rálì ni, eré ìje tí wọ́n ń fi mọ́tò sá gba inú igbó àti ẹrọ̀fọ̀. Ẹnì kan á máa wakọ̀, ẹnì kejì á jókòó sí ọ̀tún rẹ̀, á máa ka ọ̀nà fún un: òsì, ọ̀tún, kòtò, òkè. Ẹni tó ń wakọ̀ kì í dúró wò ó kó tó gbà á gbọ́. Kó tó wò ó tán, ẹlòmíràn ti kọjá. Irin ni wọ́n fi hun inú mọ́tò náà bí àgò adìẹ, kí òrùlé má baà wó lé wọn lórí bó bá takìtì. Irin pẹlẹbẹ wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nítorí òkúta. Iná mẹ́rin tò síwájú rẹ̀, nọ́ńbà tó wà lára ilẹ̀kùn ti ń bó. Irú rẹ̀ wọ́n bí ojú.

Ojú gan-an ni Bàbá Theophilus Ṣówándé, bàbá Moṣọpẹ́, kò sì ní mọ́. Àìsàn ojú tí kì í pariwo ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ ń ríran, òun ló ń wa Dátsùn yìí, Ameenat ìyàwó rẹ̀ ló ń ka ọ̀nà fún un. Ameenat kú nígbà tí Moṣọpẹ́ wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Ìjagun. Láti ìgbà náà ni ọmọ ti di ìyá ilé, nígbà tí ojú sì tún lọ, ó di ọ̀pá, ó di àwo, ó di aago tó ń sọ pé ó tó àkókò oògùn.

Micah, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, ti tún yàrá kan ṣe sí ìsàlẹ̀ ilé rẹ̀ fún bàbá wọn. Bàbá kọ̀. Ó ní ọjọ́ tí mọ́tò òun bá rí ẹni gidi ni òun máa lọ; òun ò ní fi Ameenat sílẹ̀ fún àwọn tó ń fọ́ mọ́tò tà ní irin. Ni Micah bá gbé àwòrán Dátsùn náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé ó wà fún títà. Wọ́n sì ń wá láti Èkó, wọ́n ń wá láti Ìbàdàn, bàbá sì ń lé wọn. Ohun tí Moṣọpẹ́ mọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: bí mọ́tò bá lọ, bàbá á lọ, bí bàbá bá lọ, òun á sùn. Ọkùnrin kan ti fẹ́ fẹ́ ẹ rí. Ó dúró títí, ó ní òun ò lè máa bá mọ́tò àti afọ́jú du obìnrin. Moṣọpẹ́ kò bá a jà. Òun náà ì bá lọ, ká ní ó rí ẹsẹ̀ tí yóò fi lọ.

Ìdánwò kan ni bàbá máa ń fún àwọn oníbàárà. Oníbàárà á jókòó sídìí sítíárì, bàbá á jókòó sí ọ̀tún, á ka ọ̀nà láti Ìjẹ̀bú-Òde tí ilé wọn wà dé Ayépé láti inú orí, oníbàárà gbọ́dọ̀ wà á bó ṣe kà á. Ẹnì kan láti Èkó fi í rẹ́rìn-ín. Òmíràn bá a jiyàn pé, "Bàbá, kò sí nǹkan níbẹ̀." Bàbá ní kí wọ́n yí mọ́tò padà, kí wọ́n máa lọ sílé wọn.

Àárọ̀ Sátidé kan ló kan Mukhtar. Mọ́tò náà ò gbà ju èèyàn méjì lọ, torí náà Moṣọpẹ́ wa ọkọ̀ kékeré rẹ̀ tẹ̀ lé wọn. Kò retí nǹkan kan. Ó ti ń rò ó pé kí òun tó dé ilé, òun á ra tòmátì.

Lẹ́yìn Òdógbolú, níbi tí títì ti tẹ́jú bí àtẹ́lẹwọ́, tí kò sí kòtò, tí kò sí ewúrẹ́, tí kò sí ọlọ́kadà kankan níwájú, iná pupa ẹ̀yìn Dátsùn tàn. Mọ́tò náà rọra bí ẹni tó gbé ẹyin. Ó kọjá ohun tí kò sí níbẹ̀, ó sì tún gbé eré. Moṣọpẹ́ ní ẹ́ńjìnnì ló fẹ́ kú. Nígbà tó ṣe, iná pupa tún tàn. Mọ́tò náà fì sí òsì díẹ̀, bí ẹni ń yẹ̀ fún igi. Igi kankan ò sí. Igi tó wà níbẹ̀ rí, wọ́n ti gé e kí Moṣọpẹ́ tó wọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà náà ló yé e pé afárá kan ti wà níbi àkọ́kọ́ yẹn rí. Ọ̀nà àtijọ́ ni bàbá ń kà, ọ̀nà tó wà nígbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń sá eré ìje. Ọkùnrin tí kò mọ̀ wọ́n rí yìí sì ń wà á fún un bó ṣe kà á, afárá tí kò sí àti igi tí kò sí, láìfi ọ̀kan sílẹ̀.

Omi bọ́ lójú Moṣọpẹ́. Ó ní èéfín Dátsùn ni. Irọ́ ni, fèrèsé rẹ̀ wà ní títì.

Ní Ayépé, bàbá sọ̀ kalẹ̀, ó fọwọ́ ti ilẹ̀kùn. "Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, kí ló dé tí o fi tẹ bíréèkì níbi afárá? Ṣé o rí afárá ni?"

"Rárá, sà. Ẹ̀yin lẹ rí i."

 Bàbá na ọwọ́, ó wá èjìká ọkùnrin náà kàn, ó gbé ọwọ́ lé e. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe dì í mú dé ilé.

Bàbá gbà láti ta Dátsùn náà fún un, ṣùgbọ́n ó ní iṣẹ́ lára kó tó lè lọ ọ̀nà jíjìn, Mukhtar sì ní òun á máa wá ṣe é ní Sátidé. Gbogbo ìgbà òjò ló fi ń wá. Á tẹ́ páálí sílẹ̀, á wọ abẹ́ mọ́tò, bàbá á gbé àga jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa sọ fún un bí nǹkan ṣe ń dún. Moṣọpẹ́ á gbé ìwé àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀ wá síbẹ̀, á ní nítorí atẹ́gùn ni.

"Àǹtí Tíṣà," Mukhtar á sọ láti abẹ́ mọ́tò, "ọmọ mélòó ló gba òdo lónìí?"

"Ìwọ nìkan ló kù. Jáde wá gba tìrẹ."

Moṣọpẹ́ se ẹ̀bìrìpò fún un lọ́jọ́ kan, ìyẹn kókò rírin tí àwọn Ìjẹ̀bú ń fi ewé pọ́n. Mukhtar jẹ ẹ́, ó ní ti ìyá òun dùn jù ú lọ díẹ̀. Moṣọpẹ́ fẹ́ gba àwo padà, Mukhtar di àwo mú. Ó ní òun ò sọ pé òun ò jẹ mọ́, òótọ́ lòun kàn ń sọ. Bàbá rẹ́rìn-ín lórí àga rẹ̀, ẹ̀rín tí Moṣọpẹ́ ò tíì gbọ́ láti ọdún pípẹ́.

Mukhtar kì í gbé ẹ̀bùn wá. Ohun tó máa ń ṣe ni pé á fọ àwo tí bàbá fi jẹun láìjẹ́ pé wọ́n rán an. Á mú bàbá lọ sí ilé ìwẹ̀. Á wá yíjú sí Moṣọpẹ́ pé, "Ẹ lọ sùn díẹ̀. Mo wà níbí."

"Bí mo bá sùn, ta ni yóò jí?"

Kò sùn rí. Ó ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń sun oorun ọ̀sán.

Ọjọ́ kan tí òjò ká wọn mọ́ ilé mọ́tò, bàbá sọ ìtàn afárá náà. Odò kékeré kan wà lọ́nà Ayépé láyé ọjọ́un, kó tó di pé wọ́n fi sìmẹ́ńtì bò ó tí wọ́n sì da ọ̀dà lé e. Afárá pákó ló wà lórí rẹ̀. Òun àti Ameenat ń fi ọ̀nà náà kọ́ra sílẹ̀ de ìdíje ni, eré àsápajúdé lòun sì ń bá bọ̀. Ameenat ní, "Rọra, Theo. Afárá pákó nìyí." Òun ní òun ti rí i. Ameenat tún ní, "Mo ní kí o rọra. A ti di mẹ́ta nínú mọ́tò yìí."

Òjò ń lu páànù, bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ ni ẹnìkẹta yẹn, Ṣọpẹ́. Ṣé o rò pé ọ̀nà ni mò ń kà? Ohùn ìyá rẹ ni mò ń tún sọ."

Lẹ́yìn ìyẹn ni bàbá wọlé lọ sinmi. Moṣọpẹ́ àti Mukhtar jókòó sórí páálí. Mukhtar pè é ní Ṣọpẹ́, kò fi Àǹtí kún un. Ó na ọwọ́, ó tún fà á padà. "Gírísì wà lọ́wọ́ mi."

"Yíǹkì pupa wà lọ́wọ́ tèmi náà," Moṣọpẹ́ wí, ó sì di ọwọ́ ọkùnrin náà mú pẹ̀lú gírísì ara rẹ̀.

Inú rẹ̀ ìbá dùn, ṣùgbọ́n inú dídùn náà ń rẹ èèyàn tó ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ń rò ó lórí ibùsùn pé ẹni tó máa gbé mọ́tò yìí lọ tí òun á fi bọ́, òun náà ni òun ò fẹ́ kó lọ.

Nígbà tí ọyẹ́ ń mú bọ̀, Mukhtar wá ní ọjọ́ tí kì í ṣe Sátidé. Ó kúnlẹ̀ síwájú bàbá. Ó ní kì í ṣe ara òun lòun fẹ́ ra mọ́tò náà fún. Olówó kan ní Èkó ló rán òun. Olówó náà ní gbọ̀ngàn onígíláàsì tó ń to mọ́tò àtijọ́ sí. Á fa epo inú rẹ̀ gbẹ, á nu ún kó máa dán, kò sì ní sáré mọ́ láéláé. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ọkọ̀ tí yóò gbé e ń bọ̀. Mukhtar ní ó yẹ kí òun ti sọ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ti Ayépé dé. Òun ò sọ ọ́ torí òun ò fẹ́ kí Sátidé tán.

Bàbá kò pariwo. "O rọra fún afárá Ameenat," ó wí, "irọ́ sì wà lẹ́nu rẹ. Jáde nílé mi."

Moṣọpẹ́ sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Mukhtar fẹ́ sọ̀rọ̀, Moṣọpẹ́ gbé ọwọ́ dá a dúró.

"Ká ní o sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ẹlòmíràn ló rán ẹ, mo máa kí ẹ kú iṣẹ́. N ò bìkítà ẹni tó máa gbé e. Ohun kan ṣoṣo ni mò ń fẹ́ nígbà náà, pé kí mọ́tò lọ kí n sùn. O ti wá sọ ọ́ di méjì, Mukhtar: kí mọ́tò lọ, kí ìwọ dúró. Méjèèjì ò sì lè wọ inú ilé kan."

Ó ti ilẹ̀kùn. Ó fún bàbá ní oògùn rẹ̀. Ó bu omi sí i lẹ́sẹ̀. Ìwé ọmọ iléèwé ń dúró dè é lórí tábìlì, ó sì yẹ̀ ẹ́ wò títí tó fi tán, torí ìbànújẹ́ kì í bá èèyàn yẹ ìwé wò.

Ọkọ̀ Èkó kò wá. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e. Ẹni tó wá ni Alhaja Ràmọ́tà, ìyá Mukhtar, tó ń ta pákó ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Obìnrin tó síngbọnlẹ̀ ni, tí ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ ń ṣáájú rẹ̀ dé ibi tó bá ń lọ. Bàbá ń sùn. Moṣọpẹ́ kúnlẹ̀ kí i.

"Ìwọ ni tíṣà?"

"Èmi ni, mà."

"Ọmọ mi ti dá iṣẹ́ olówó Èkó padà. Kò jẹun, kò ta mọ́tò. Kí lo fún un jẹ níbí?"

"Ẹ̀bìrìpò ni, mà. Ó ní tiyín dùn jù ú lọ."

Ìyẹn fẹ́ ba ìjà náà jẹ́, Alhaja tètè gbé e padà. Ó ní Moṣọpẹ́ kì í ṣe ọmọdé, ó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, àgbà afọ́jú sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní òun ò bí ọmọ òun kó wá di ọ̀pá afọ́jú.

Moṣọpẹ́ wò ó lójú. Kò bínú. Ìbínú ń fẹ́ agbára. "Alhaja, ọ̀pá afọ́jú náà lẹ ń wò yìí. Ẹ wò mí dáadáa. Ṣé ẹ rò pé mo lè fẹ́ èyí fún ẹni tí mo fẹ́ràn? N ò so ọmọ yín mọ́lẹ̀, mà. Ẹ bá mi sọ fún un pé kó jẹun."

Alhaja ti gbé ọ̀rọ̀ mẹ́ta mìíràn sẹ́nu. Ó gbé wọn mì. Ẹni tó wá jà tí kò rí ẹni bá jà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í yá láti padà sílé. Ó dúró díẹ̀, ó wo ilé náà yíká, ó wo aṣọ àgbàlagbà tí wọ́n sá sórí okùn, kí ó tó lọ.

Nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, ẹni tó bá ṣẹ àgbà kì í dá wá bẹ àgbà. Àgbà ni wọ́n ń fi bẹ àgbà. Ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Mukhtar dé pẹ̀lú àwọn àgbà ọkùnrin méjì láti ìdílé bàbá rẹ̀, pẹ̀lú agbádá ìrun lọ́rùn wọn. Alhaja tẹ̀ lé wọn, ó ní òun kàn wá wo bí wọ́n ṣe máa bẹ̀ ẹ́ ni. Bí wọ́n ṣe wọ pálọ̀, àwọn àgbà náà kí bàbá kíkí ńlá. Mukhtar dọ̀bálẹ̀ gbalaja, agbádá àwọn àgbà ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹ̀gbà ọwọ́ Alhaja ń dún, ẹnì kan sì ti bẹ̀rẹ̀ àdúà.

Bàbá kò ríran. Ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ ni àwọn àgbà, agbádá, àdúà, ìyá ọmọ, àti ọmọkùnrin tó wà nílẹ̀. Ọmọ Yorùbá wo ló máa gbọ́ gbogbo èyí nínú pálọ̀ rẹ̀ tí kò ní mọ ohun tí wọ́n wá tọrọ?

"Ẹ jẹ́ kó dìde," bàbá wí. "Ẹ má wulẹ̀ fa ọ̀rọ̀ gùn. Mo ti mọ ohun tí ẹ bá wá. Inú mi ò tíì yọ́ sí i tán, ṣùgbọ́n mi ò ní jẹ́ kí ìbínú tèmi jẹ́ ẹrù ọmọ mi. Ẹ̀sìn ò dí ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ kírun títí tó fi kú, èmi ń kọ orin mi, mọ́tò kan náà la jọ wọ̀. Owó orí, mi ò ní gbà á. Mọ́tò ni mo ní mò ń tà, mi ò tíì ta èèyàn rí."

Àwọn àgbà méjèèjì wo ara wọn. Moṣọpẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, abọ́ omi wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì mọ ibi tí yóò gbé e sí.

Ohùn bàbá rẹlẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. Ọmọ yìí ti rẹ̀. Èmi ni mo dá a lágara, mo mọ̀ ọ́n, ojú mi ló fọ́, etí mi ò di. Mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń wọ́ ọ nílẹ̀. Bí ọmọ yín bá fẹ́ fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ fún un, ẹ máa mú un lọ. Bó bá lè jẹ́ kó sùn, ẹ bi í léèrè. Òun ló ni ara rẹ̀."

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn wúkọ́. "Bàbá, àforíjì là ń wá o, àwa wá nítorí ọ̀rọ̀ mọ́tò…"

Alhaja fi ìgúnpá gún un ní ẹ̀gbẹ́. "Ẹ dákẹ́ ná. Bàbá, ẹ ní ìyá rẹ̀ ń kírun? Kí lorúkọ ìyá rẹ̀?"

"Ameenat."

"Ameenat tó ń wọ ṣòkòtò, tó ń jókòó sínú mọ́tò pupa ìsáré?"

"Kò sí Ameenat mìíràn."

Alhaja wá àga, ó jókòó láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó. Ó ní òun mọ̀ ọ́n. Ó ní ọmọge lòun nígbà tí mọ́tò náà máa ń gba Ìjẹ̀bú-Igbó kọjá, gbogbo àwọn ọmọge á sì sá jáde lọ wo obìnrin tó ń sọ fún ọkùnrin ibi tí yóò yà sí, tí ọkùnrin náà sì ń yà. Ó ní òun délé, òun sọ fún ìyá òun pé iṣẹ́ tóun máa ṣe nìyẹn. Ìyá òun fọ́ òun létí. Ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bíi pé ó ṣì ń gbóná.

"Alàgbà," ó wí fún bàbá, "ẹ má dá àwọn wọ̀nyí lóhùn. Ohun tí ẹ rò pé a wá ṣe gan-an la wá ṣe. A kàn ò tíì mọ̀ ni."

Mukhtar ti dìde dórí ìkúnlẹ̀. Ó wo Moṣọpẹ́. Kò bẹ̀ ẹ́, ó kàn ń wò ó bí ẹni tó ń dúró kí wọ́n ka ọ̀nà fún un.

Moṣọpẹ́ gbé abọ́ omi kalẹ̀. "Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun. Lọ́la, kó wá wakọ̀. Ojú ọ̀nà ni mo ti máa dá a lóhùn."

Kò jókòó síbi ìjókòó ìyá rẹ̀ rí. Nígbà tó jókòó síbẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó bá a pé àga náà ti jìn díẹ̀ ní ìwọ̀n ẹlòmíràn, ó sì bá a mu. Mukhtar bọ́ bàtà kó tó wọlé. Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù, àwọn ẹyẹ fò lórí páànù.

Moṣọpẹ́ ka ọ̀nà bó ṣe rí lónìí, kì í ṣe bí bàbá ṣe ń kà á. "Kòtò lọ́tùn-ún. Kòtò lósì. Àárín náà, kòtò. Ọlọ́kadà tí kò mọ ibi tó ń lọ. Gaàrí tí wọ́n sá sẹ́bàá títì, yẹ̀ fún un, àánú gaàrí ń ṣe mí. Ewúrẹ́, ewúrẹ́ aláìgbọràn."

"Ṣé ti ewúrẹ́ náà wà nínú kíkà ọ̀nà?"

"Wà á bí mo ṣe kà á."

Wọ́n kọjá Òdógbolú. Moṣọpẹ́ dákẹ́. Títì tẹ́jú síwájú wọn, ó ń dán nínú oòrùn. Mukhtar mọ ibi tí wọ́n wà, Moṣọpẹ́ mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀ Mukhtar kò gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì. Fún bàbá, ó ti rọra níbí rí. Fún ara rẹ̀, kò ní rọra láìjẹ́ pé wọ́n sọ fún un, torí ẹni tó ń ka ọ̀nà ló ni ọ̀rọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ le lórí sítíárì. Ibẹ̀ ń bọ̀. Ibẹ̀ ti fẹ́ kọjá.

"Rọra, Mukhtar," Moṣọpẹ́ wí. "Afárá pákó nìyí."

Kì í ṣe pé ó rọra, ó dúró pátápátá. Láàárín títì, lórí ọ̀dà, níbi tí kò sí nǹkan kan. Ẹni tó wà lẹ́yìn wọn fun fèrè, ó yà kọjá, ó sì bú ìyá wọn àti bàbá wọn. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn, lọ́tẹ̀ yìí Moṣọpẹ́ kò dá èéfín lẹ́bi.

"Ṣé ìdáhùn nìyẹn, Ṣọpẹ́ mi?"

"Ìwọ lo ń wakọ̀. Èmi ti kà á tán."

Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sórí ọwọ́ ọkùnrin náà tó wà lórí jíà. Ó gbé orí lé irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ó rẹ̀ mí, Mukhtar."

"Mo mọ̀. Sùn."

"Ta ni yóò ka ọ̀nà?"

"Ọ̀nà ilé ni. Mo ti mọ̀ ọ́n."

Kí wọ́n tó padà kan Òdógbolú, ó ti sùn.

Nílé, bàbá àti Alhaja jókòó síta, wọ́n ń ṣàríyànjiyàn bóyá ààfáà ni yóò kọ́kọ́ gbàdúà lọ́jọ́ ìgbéyàwó tàbí pásítọ̀. Bàbá ti ní kí wọ́n pe Micah ní Abẹ́òkúta, pé kó ṣí fèrèsé yàrá yẹn sílẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Ó gbé ọwọ́ sókè. Ó gbọ́ Dátsùn rẹ̀ lókèèrè, mọ́tò tí wọ́n kọ́ láti fò kọjá kòtò, tó ń rákò bọ̀ bí ìgbín, tó ń dúró, tó ń yẹ̀, tó tún ń rákò.

Alhaja gbọ́ ọ náà. "Áà, mọ́tò yìí ti bàjẹ́ lọ́nà."

"Kò bàjẹ́," bàbá wí, ó sì sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹ rọra sọ̀rọ̀, Alhaja. Ó gbé ẹni tó sùn bọ̀."